Omi Ìsàmì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kìn-ín-ní

Kíláàsì àkọ́kọ́ ní sáà yìí. Ọyẹ́ mú débi pé ṣọ́ọ̀kì ń rún mọ́ mi lọ́wọ́, ètè mi sì ti bẹ́ kí n tó kọ àkòrí tán sára pátákó: Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Àmì Ìsìn Nínú Àtúnṣe Ìlú. Ẹnì kan níwájú béèrè bóyá iṣẹ́ ìwàásù ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Mo ní rárá, mo fẹ́ kí wọ́n mọ ìdí tí ìwàásù kan fi ń mú kéèyàn dìde lórí àga, tí òmíràn sì ń mú kó sùn. Alfa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú tó sì tún ń wá ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ní òun ti mọ ìkejì yẹn dáadáa, òun ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn kíláàsì tó bá tètè rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan láti ìjọ wa wà nínú wọn, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Aránṣọ. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí nítorí ọmọ ọwọ́ tó pọ̀n. Ọmọ náà ò sunkún látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tá a jáde, mo ní ọmọ dáadáa lèyí. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Kò lókun ẹkún ni."

Ọjọ́bọ̀, 16

Omi ẹ̀rọ ò tíì yọ. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ti di ìlọ́po méjì iye tí à ń rà á kí ọdún tó yí, àwọn tó ń tà á sì ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fúnni ní ìtọrẹ.

Máníjà Ilé Awọ, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awọ ẹran, wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ó fẹ́ wo bí páànù ṣọ́ọ̀ṣì ṣe rí, èyí tí ilé-iṣẹ́ wọn bá wa rà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó béèrè àwọn ìbejì wa, ó ní tí wọ́n bá ti parí ní yunifásítì, kí wọ́n wá rí òun. Inú ọkọ mi, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ náà, dùn. Tèmi náà dùn, mi ò ní purọ́ níbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Mo kọ́ wọn pé àmì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé wá látilé. Ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ara àwọn tí ò ń bá sọ̀rọ̀ kó o tó dé: òróró, iná, eérú, aṣọ funfun, omi. Mo ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ ìsàmì fúnra rẹ̀. Ṣebí àmì ló wà níbẹ̀. Mo sọ nípa àwọn ẹrú tó ń kọrin nípa odò tí wọ́n máa là kọjá, tí olówó wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń gbádùn orin, tí kò mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ ni wọ́n ń sọ síra wọn létí. Alfa ní ìtàn ìjáde kúrò lóko ẹrú yẹn wà lọ́dọ̀ tiwọn náà, Fáráò kan náà ni.

Aránṣọ na ọwọ́. Ó ní, bí ẹni tó ń ṣeni níkà bá ń kọ orin kan náà pẹ̀lú wa ńkọ́, tó tún jókòó síwájú? Mo ní ìyẹn ló dáa jù. Kò ní lè sọ pé èdè náà ò yé òun. Ìdáhùn yìí dùn mọ́ mi lẹ́nu títí mo fi délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Mo lọ wọn aṣọ lọ́dọ̀ Aránṣọ. Ẹ̀yìn Ilé Awọ gan-an ni àdúgbò wọn. Gọ́tà tó ti inú ilé-iṣẹ́ náà wá gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. Wọ́n fa omi kí n rí i. Okùn ìfami ti di aláwọ̀ búlúù, omi ń ho bí omi ọṣẹ, òórùn rẹ̀ sì dà bí awọ tútù tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọ́n gbàgbé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń họra. Irun ti já ní orí òmíràn. Wọ́n ní àwọn ń sè é kí àwọn tó mu ún, àmọ́ sísè kì í mú òórùn náà lọ. Ta ló lówó kẹ́ẹ̀gì lójoojúmọ́?

Ọkọ rẹ̀ tibi iṣẹ́ dé. Inú Ilé Awọ náà ló ń ṣiṣẹ́, nídìí àgbá ńlá tí wọ́n ń rẹ awọ sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó dé ìgúnpá. Ó kí mi dáadáa, ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ̀rọ̀ kànga fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ làwọn ti ń jẹun.

Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tí mo délé. Ó ti mọ̀. Ó ní òun ti bá Máníjà sọ ọ́, jẹ́jẹ́. Mo ní jẹ́jẹ́ báwo? Ó ní jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Alfa dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní láti oṣù tó kọjá, àwọn ìdílé mélòó kan lẹ́yìn Ilé Awọ ò fi omi kànga yẹn ṣe àlùwàlá mọ́. Iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é, bí ẹni wà láginjù. Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́ síta ní mọ́ṣáláṣí. Ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní lèmọ́mù àgbà ò fẹ́ ìjàngbọ̀n, bẹ́ẹ̀ òun sì níyàwó.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Aránṣọ wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ó ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìsàmì ọmọ náà, mo ní mo mọ̀, mo ti rí i nínú ètò ìsìn. Ó ní, "Omi kànga wa ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe é, mà. Màá gbé e wá fúnra mi."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lóye.  Mo béèrè bóyá ọkọ rẹ̀ mọ̀. Kò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé mo ń kọ́ wọn kí wọ́n lè lóye ni, kì í ṣe dandan kí wọ́n lọ ṣe é. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun ò wá gbàṣẹ, òun kàn ò fẹ́ kí n ṣàdédé rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí Bàbá. Ọkọ mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe ń dìde, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tẹ́ ẹ máa sọ fún wọn."

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi lórí oúnjẹ. Mi ò sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi nǹkan kan kún un.

Ìdílé mẹ́ta ló gbọ́mọ wá. Aránṣọ ni wọ́n pè kẹ́yìn. Ó wọ aṣọ funfun, ó gbé abọ́ tánganran funfun kan lọ́wọ́, ó fi aṣọ léèsì bò ó. Ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ọrẹ ìdúpẹ́ ni. Aránṣọ ṣí i. Òórùn náà dé ọ̀dọ̀ wa níbi tá a jókòó sí.

Ọkọ mi bi í lóhùn jẹ́jẹ́ pé kí lèyí. Aránṣọ ní, "Omi ìsàmì ọmọ mi ni, sà. Láti kànga wa."

Ó nawọ́ sí omi tó wà nínú àwo ìsàmì, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ti pèsè tirẹ̀. Aránṣọ kúnlẹ̀. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti dákẹ́, ó sì dé etí gbogbo wa. "Èyí náà là ń mu, sà. Òun ni mo fi ń po oúnjẹ ọmọ yìí. Ẹ̀kán mẹ́ta péré lẹ máa fi kàn án lórí."

Ọkọ rẹ̀, tó gbé ọmọ náà, ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Máníjà wà lórí àga iwájú, ó ṣí ìwé orin, ó ń kà á. Ọkọ mi ti ìka bọ omi náà, ó gbé e sí imú. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tó bá fẹ́ yẹ nǹkan sílẹ̀ láìjẹ́ kó hàn.  Lẹ́yìn náà ó nu ìka sára aṣọ oyè rẹ̀, ó ní:

"Mi ò lè fi omi yìí kan ọmọ lórí."

"Kí ló dé, sà?"

Ó tún wo abọ́ náà. Ọmọ kan wúkọ́ lápá ibi tí àwọn akọrin wà.

"Nítorí pé kò dáa."

Aránṣọ dìde, ó kọjú sí ìjọ. Ó kàn ní, "Ẹ gbọ́?" Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Máníjà, ó gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì bá àárín ilé jáde. Màmá arúgbó kan tó máa ń sùn nínú ìsìn ló kọ́kọ́ dìde tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ìlàjì àwọn akọrin, pẹ̀lú aṣọ wọn lọ́rùn.

Gbogbo ohun tí mò ń kọ́ wọn ló ṣẹlẹ̀ lójú mi, láìsí àṣìṣe kan. Mo jókòó, mi ò bá wọn jáde. Ọkọ mi dúró síbẹ̀ títí, ó na ìka yẹn síwájú bí ẹni tó gé ara rẹ̀ lọ́bẹ.

Ọjọ́ Ajé, 10

"O mọ̀." Kì í ṣe ìbéèrè. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ ọkọ mi.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní láti ìgbà wo. Mo ní láti Ọjọ́rú. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, o fi mí kọ́ wọn. Bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì." Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní kí n má kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ ti tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kó aṣọ tó máa fi sùn lọ sí yàrá àwọn ọmọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, ohùn mi sì le ju bí mo ṣe rò lọ. Aránṣọ ò wá. Mo kọ ìbéèrè kan sára pátákó: Bí àmì bá ṣiṣẹ́, ta ló jìyà rẹ̀? Wọ́n dà á kọ bíi ti ìdánwò. Alfa nìkan ni kò kọ nǹkan kan. Ó ń wo ojú fèrèsé.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Alfa ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó tó di pé lèmọ́mù àgbà rí i mú, ó dìde ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé bí omi kan ò bá yẹ fún ẹsẹ̀ tí a fẹ́ fi dúró níwájú Ọlọ́run, báwo ló ṣe yẹ fún ikùn ọmọ? Wọ́n ti mọ́ṣáláṣí gba ẹnu ọ̀nà Ilé Awọ lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú bùtá rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ wa ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ funfun. Kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n pọn omi kànga sínú wọn, wọ́n sì tò wọ́n kalẹ̀ láti apá kan ẹnu ọ̀nà náà dé èkejì. Ọkọ̀ tó kó awọ dé kò lè wọlé àfi tó bá gun orí abọ́ ìsàmì àti bùtá àlùwàlá. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wò wọ́n, ó jókòó sábẹ́ igi.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n ń fi bàtà gbá àwọn abọ́ àti bùtá náà kiri. Mo gbọ́ ariwo tánganran yẹn láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Wọ́n mú Alfa lọ.

Ọjọ́ Ajé, 17

Wọ́n ti dá Alfa sílẹ̀, eyín rẹ̀ kan ti kán. Àwòrán abọ́ wà nínú ìwé ìròyìn. Ilé Awọ ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní títí ara ìlú á fi balẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń rìn kiri àdúgbò láàárọ̀, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ọwọ́ wọn sí.

Ọjọ́rú, 19

Àwọn kan lára òṣìṣẹ́ Ilé Awọ ya bo ilé Aránṣọ. Wọ́n fi òkúta fọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró lójú ilẹ̀kùn kí wọ́n má baà wọ yàrá ọmọ, wọ́n sì lù ú, àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ nídìí àgbá kan náà láti ọdún pípẹ́ wá. Mo lọ. Aránṣọ ń ṣa irin ẹ̀rọ náà jọ sínú korobá. Ó ní kò burú. Mo mọ̀ pé ó burú.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó títí oòrùn fi rọ̀. Wọ́n gbóríyìn fún ọkọ mi gan-an, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti tán. Wọ́n pè é ní ìsinmi. Kí a kó kúrò nílé àlùfáà kí oṣù tó parí. Ó bá wọn kọ orin ìparí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

A kó. Yàrá méjì, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún táyà ṣe. Ọkọ mi di ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa omi, iná, àti ìgbà tí onílé máa ń wá. Kò kọjá ìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ pè mí. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí n má kọ́ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ṣé mi ò lè parí sáà yìí lórí àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan, àwọn tó ti kú? Mo ní kò sí àmì tó kú nínú àwọn tí mò ń kọ́ wọn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò rí mi lónìí nígbà náà. Èèyàn dáadáa ni, ẹ̀rù ló ń bà á.

Aránṣọ ti padà sí kíláàsì. Ọmọ náà wà ní ọsibítù pẹ̀lú bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ọmọ Aránṣọ kú ní àárọ̀ àná.

Dókítà ní òun ò lè búra pé omi ni, òun ò sì lè búra pé kì í ṣe omi. Ọkọ Aránṣọ wá bá ọkọ mi. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sin ọmọ náà, nítorí àlùfáà tuntun ní ọmọ tí a ò sàmì fún ní ètò tirẹ̀, òun máa wo ìwé òfin. Ọkọ mi ní òun ò láṣẹ mọ́, wọ́n ti gba aṣọ lọ́wọ́ òun. Ọkùnrin náà ò dìde. Ó ní, "A ò wá aṣọ wá, sà."

Ọkọ mi tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀. Nídìí ibojì, mo retí pé ó máa wàásù. Ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi kú mọ́ èèyàn lára ni. Ó kàn béèrè orúkọ ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó pè é síta, ó sì bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Nígbà tá à ń bọ̀, Aránṣọ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Wọ́n ń sọ kiri pé mo lo ọmọ náà. Ṣé mo lò ó, mà?"

Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo dì mú títí a fi dé ojú ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 19

Òjò àkọ́kọ́. Ó pa eruku, ó sì ń jò sórí ibùsùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ omi kànga wò ti sọ̀rọ̀ níkẹyìn: omi náà kò dáa. Ohun tí ọkọ mi sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni, pẹ̀lú èdìdì lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti da símẹ́ǹtì bo kànga. Ilé Awọ máa la gọ́tà tuntun gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì ti ń ri páìpù omi mọ́lẹ̀ ní àdúgbò wọn, mo fi ojú ara mi rí i. Àwọn ọmọ ń fò lórí kòtò páìpù. Wọ́n gbé Máníjà lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Wọ́n pe òṣìṣẹ́ padà, wọn ò pe gbogbo wọn. Ọkọ Aránṣọ ò sí nínú àwọn tí wọ́n pè. Ó ń bá ẹni tó ń tún táyà ṣe nísàlẹ̀ ilé wa ṣiṣẹ́ báyìí.

Owó kẹ́ẹ̀gì ti wálẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Kíláàsì ìkẹyìn. Mo ti ní kí ọkọ mi wá bá wọn sọ̀rọ̀. Kò dá mi lóhùn, mo sì ti gbà pé ìdáhùn nìyẹn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó jókòó sórí àga àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orókún rẹ̀ ga ju tábìlì lọ. Gbogbo wọn dìde kí i. Aránṣọ ló kúnlẹ̀ pẹ́ jù.

Mo ní kí wọ́n bi í ní ohunkóhun. Wọ́n ń bi í ní ìbéèrè ìwé: ṣé ó mọ̀ nígbà yẹn pé àmì lòun ń fi omi náà ṣe? Ó ní rárá, imú òun ló mọ̀. Alfa wá dìde. Ó rọra sọ ọ́, nítorí eyín, àti nítorí ọ̀wọ̀. Ó ní, "Bàbá, tí Mọ́mì bá ti sọ fún yín ṣáájú, ṣé ẹ ṣì máa kọ omi náà?"

Mo yí padà sí pátákó bí ẹni fẹ́ kọ nǹkan.

Ó ní, "Rárá." Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. "Ká ní ó ti sọ fún mi, ǹ bá ti pe Aránṣọ sí ọ́fíìsì. Ǹ bá gbàdúrà fún un. Ǹ bá fún un lówó oògùn ọmọ, ǹ bá sì tún lọ bá Máníjà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa ì bá lọ jẹun ọ̀sán."

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀. Alfa ní ṣé a lè sọ nígbà náà pé ohun tí Mọ́mì ṣe tọ́.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé ó mọ̀ mí." Ó wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ búrẹ́dì yẹn. "Ó mọ̀ mí dáadáa. Ìyẹn ló ń dùn mí."

Aago lù. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpariwo, bí èèyàn ṣe ń jáde nílé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Mo nu pátákó títí kò fi sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́, mo sì tún nù ún. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dè mí.